Màmá Ọjọ́bọ̀, Dókítà Tó Kọ́ Àwọn Dókítà Bí Wọ́n Ṣe Ń Sinmi

Ọjọ́ kẹfà oṣù karùn-ún ọdún 1946 ni a bí ìyá wa, tí gbogbo yín torí wọn pé jọ lónìí, sínú yàrá kan ṣoṣo tó wà lẹ́yìn ilé ìfọṣọ ilé ìwòsàn ńlá. Bàbá wọn ni gbẹ́nàgbẹ́nà tó ń tún bẹ́ẹ̀dì àti àga ilé ìwòsàn náà ṣe; ìyá wọn sì ni olórí àwọn alágbàfọ̀ níbẹ̀. Bàbá tó bí bàbá wọn, gbẹ́nàgbẹ́nà lòun náà. Ìyá tó bí ìyá wọn, agbẹ̀bí ni, wọ́n sì ní ó gbẹ̀bí títí ọwọ́ rẹ̀ fi ń gbọ̀n, kò sì gbà kí ẹnikẹ́ni gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ òun. Màmá ni ọmọ kẹta nínú ọmọ márùn-ún. Ẹni tó bá mọ ìran yìí dáadáa á mọ̀ pé wọn kì í jókòó, wọn kì í sì í gbọ́ràn sẹ́ni tó bá ní kí wọ́n jókòó.

Láàárín aṣọ funfun ni Màmá dàgbà sí. Ìyá àgbà, ìyá tó bí Màmá, a máa gbé ẹ̀wù dókítà sókè kí wọ́n tó rì í sómi, wọ́n á wo ọrùn ọwọ́ rẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹni tó ni eléyìí ò tíì délé láti àná." Wọ́n á gbé òmíràn: "Eléyìí ń jẹun lórí ìdúró." Yíǹkì, òógùn àti àbàwọ́n tíì ni wọ́n ń wò, ṣùgbọ́n Màmá tó wà lọ́mọdé rò pé idán ni. Ó wù wọ́n láti wọ irú ẹ̀wù bẹ́ẹ̀. Wọn kò bèèrè ìdí tí ìyá àgbà fi máa ń mí kanlẹ̀ bí wọ́n bá ń fọ̀ ọ́.

Wọ́n bẹ̀rẹ̀ ilé-ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní ọdún 1952, wọ́n wọ girama ní ọdún 1959, wọ́n sì wọ yunifásítì láti kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn ní ọdún 1965. Obìnrin mẹ́rin péré ló wà ní kíláàsì wọn. Ọdún mẹ́fà gbáko ni wọ́n fi kọ́ nípa ara èèyàn láti orí dé àtàǹpàkò ẹsẹ̀. Màmá fúnra wọn ló máa ń sọ fún wa pé nínú gbogbo ìwé tí àwọn kà, kò sí ojú ìwé kan tó sọ pé dókítà náà ní ara. Wọ́n jáde ní ọdún 1971, ìyá àgbà sì fi ọwọ́ ara wọn lọ ẹ̀wù funfun àkọ́kọ́ tí wọ́n wọ̀.

Ọdún 1973 ni wọ́n fẹ́ bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò. Bàbá wa ló gbé akẹ́kọ̀ọ́ kan tí apá rẹ̀ yẹ̀ wá sí ilé ìwòsàn tí Màmá ti ń ṣiṣẹ́. Apá náà jiná láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin. Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, bàbá wa ṣì ń wá bèèrè bí apá náà ṣe ń ṣe sí. Ọlọ́run fi ọmọ mẹ́ta ta wọ́n lọ́rẹ, ní ọdún 1974, 1976 àti 1980.

Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1981 ni wọ́n ṣí ilé ìwòsàn tiwọn, yàrá méjì àti ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ṣọ́ọ̀bù àwọn tó ń tún bàtà ṣe. Kò sí ẹ̀rọ ńlá níbẹ̀, wọn kì í sì í ṣe iṣẹ́ abẹ. Dókítà ìdílé ni Màmá: ẹni tó ń wo ikọ́ ọmọ, tó ń wo ẹsẹ̀ ìyá àgbà ọmọ náà tó wú, tó sì mọ̀ pé ẹ̀yìn tó ń dun bàbá ọmọ náà kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹ̀yìn, iṣẹ́ tó bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ni. Obìnrin tó jókòó sídìí tábìlì ẹnu ọ̀nà ni gbogbo àdúgbò ń pè ní Àǹtí Káàdì, nítorí òun ló ń kọ káàdì fún àwọn aláìsàn, kò sì sẹ́ni tó lè rí dókítà láìkọ́kọ́ gba ọ̀dọ̀ rẹ̀ kọjá. Ó lè wo èèyàn láti ẹnu ọ̀nà kó mọ ẹni tó yẹ kó kọ́kọ́ wọlé. Ẹnu rẹ̀ sì mú ju gbogbo abẹ́rẹ́ tó wà nílé ìwòsàn náà lọ.

Láàárín ọdún mẹ́jọ, ogún aláìsàn lójúmọ́ di ogójì, ogójì di àádọ́rin. Màmá kì í lé ẹnikẹ́ni. Àwọn ará àdúgbò wá sọ wọ́n ní Dókítà Àìsùn. Wọ́n ń pe orúkọ náà bí ẹni ń ki èèyàn, Màmá sì ń dáhùn tẹ̀rín-tẹ̀rín. Àwa ọmọ náà ń fi yangàn níléèwé. Ẹ dárí jì wá o. A kò mọ̀ pé ohun tí à ń yìn ló ń pa wọ́n lọ díẹ̀díẹ̀.

Nílé, à ń rí i, a kàn ń fi rẹ́rìn-ín ni. Màmá gbé kọ́kọ́rọ́ mọ́tò sínú fíríìjì, a wá a títí. Bàbá wa bu oúnjẹ síwájú wọn, Màmá ní, "Ẹni tó kàn." Ẹ̀rín fẹ́ẹ̀ pa wá. Nígbà tó yá, Màmá fúnra wọn kì í bá wa rẹ́rìn-ín mọ́. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi nọ́ńbà pe àwọn aláìsàn, Màmá tó jẹ́ pé tẹ́lẹ̀ wọ́n mọ orúkọ gbogbo ọmọ tó wà láàárín òpópónà mẹ́ta. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń lọ síbi iṣẹ́, ṣùgbọ́n ọkàn wọn kò sí níbẹ̀ mọ́. Ó ti rẹ̀ wọ́n kọjá ohun tí oorun ọjọ́ kan lè wò.

Ọjọ́ kan wà ní oṣù kọkànlá ọdún 1989 tí ẹbí yìí kò lè gbàgbé. Àbíkẹ́yìn wọn, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, jáde níléèwé, kò gba ilé lọ. Ilé ìwòsàn ló gbà lọ. Ó dúró níwájú Àǹtí Káàdì, ó ní òun fẹ́ gba káàdì.

"Ta lara ẹ̀ ò yá?" Àǹtí Káàdì bi í.

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tó ò wọlé lọ bá màmá ẹ?"

"Wọ́n ní kí n má máa dí àwọn lọ́wọ́ tí èrò bá pọ̀. Mo fẹ́ tò ni, mà."

Àǹtí Káàdì kọ káàdì fún un, nọ́ńbà mẹ́tàlélógójì. Ó sọ fún wa lẹ́yìn náà pé òun rò pé eré ọmọdé ni, pé Màmá á rí i, wọ́n á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì fi ìyẹn sinmi fún ìṣẹ́jú márùn-ún. Ọmọ náà jókòó sáàárín aboyún kan àti bàbá arúgbó tó ń wúkọ́, ó gbé báàgì iléèwé rẹ̀ lé itan, ó sì dúró fún bíi wákàtí méjì. Nígbà tó kàn án, ó wọlé, ó jókòó. Màmá ń kọ nǹkan sínú káàdì ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde. Wọn kò gbójú sókè.

"Kí ló ń ṣe yín?"

"Mi ò rí oorun sùn, mà."

"Láti ìgbà wo?"

"Ó ti pẹ́, mà."

"Kí ló ń gbé oorun náà lọ?"

"Mo máa ń dúró de màmá mi ni. Wọn kì í tètè dé."

Màmá fa ìwé oògùn mọ́ra, wọ́n ń kọ ọ́ lọ. "Lo fítámì yìí lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Sọ fún màmá ẹ kí wọ́n tètè máa wálé. Ẹni tó kàn."

Ọmọ náà gba ìwé náà, ó ní, "Ẹ ṣé, mà," ó sì jáde.

Ẹ má bi wá bí ìyá ṣe lè ṣàìmọ ohùn ọmọ tó bí. Àwa náà ti bi ara wa títí. Ohùn kẹtàlélógójì ló jẹ́ lọ́jọ́ náà, etí Màmá sì ti kún. Àǹtí Káàdì ló rí ọmọ náà bó ṣe ń lọ pẹ̀lú ìwé oògùn lọ́wọ́, tí omi ojú ń dà. Ó dìde, ó wọlé tọ Màmá lọ, ó pa ilẹ̀kùn dé.

"Dókítà, ta lẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ wò yẹn?"

"Ọmọ kan ni. Ìyá ẹ̀ ni kì í tètè wálé."

"Ẹ ka orúkọ tó wà lórí káàdì ẹ̀."

Màmá kà á. Wọ́n bọ́ ẹ̀wù funfun wọn, wọ́n fi lé orí àga, wọ́n sì gba àárín aláìsàn mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n tó kù jáde. Wọ́n bá ọmọ náà ní kọ́nà. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, wọ́n gbé e pọ̀n, tòun ti báàgì iléèwé rẹ̀, wọ́n sì gbé e délé bẹ́ẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni ilé ìwòsàn fi wà ní títì. Ọjọ́ méjì àkọ́kọ́, Màmá sùn. Ní ọjọ́ kẹta, wọ́n sọ nídìí tábìlì oúnjẹ pé àwọn kò ṣe dókítà mọ́.

"Ẹni tí ò mọ ọmọ tiẹ̀," ni wọ́n wí, "kí ló fẹ́ mọ̀ lára ọmọ ẹlòmíì?"

Bàbá wa, olùkọ́ ìṣirò, gbé ṣíbí sílẹ̀. "Ìwọ kọ́ ló bà jẹ́. Ìṣirò ẹ ni ò pé. Èèyàn kan, àádọ́rin aláìsàn, ọjọ́ kan. Gbé e síbikíbi tó o bá fẹ́, kò lè yọ."

Màmá kò gbà. Wọ́n kọ lẹ́tà sí ìgbìmọ̀ àwọn oníṣègùn pé àwọn fẹ́ dá ìwé àṣẹ àwọn padà, wọ́n fi í sínú àpòòwé, ó kù kí wọ́n fi ránṣẹ́. Iṣẹ́ tó ti ń wù wọ́n láti kékeré, tí wọ́n fi gbogbo ìgbà èwe wọn wá, ló fẹ́ bọ́ lọ́wọ́ wọn yẹn. Bàbá wa kò ráhùn, ṣùgbọ́n a rí i pé wọn kì í lè wo àpòòwé náà.

Ní ọjọ́ kọkànlá, ẹnì kan kan ilẹ̀kùn. Dókítà Aláwò ni, tí wọ́n ń pè bẹ́ẹ̀ nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Ilé ìwòsàn tirẹ̀ wà ní òpópónà kejì. Fún ọdún mẹ́jọ, òun àti Màmá kò sọ ju "ẹ káàárọ̀" síra wọn, nítorí aláìsàn kan náà ni àwọn méjèèjì ń wá.

"Mo gbọ́ pé ẹ fẹ́ fi iṣẹ́ sílẹ̀," ni Dókítà Aláwò wí.

"Ṣé ẹ wá fi mí ṣe yẹ̀yẹ́ ni?"

"Rárá o. Mo wá bèèrè bí ẹ ṣe ṣe é ni. Èmi náà fẹ́ fi sílẹ̀, mi ò nígboyà ẹ̀."

Ó ní láràárọ̀ ni òun máa ń jókòó sínú mọ́tò níwájú ilé ìwòsàn òun fún ìdajì wákàtí, ọwọ́ òun á kọ̀, kò ní ṣí ilẹ̀kùn. Ìyàwó òun rò pé òun ti wọlé. Àwọn aláìsàn rò pé òun kò tíì dé. Màmá gbọ́ ọ tán, wọ́n bú sẹ́kún. Lẹ́yìn náà ni ẹ̀rín gbà wọ́n.

"Mo rò pé ẹ̀ ń sùn dáadáa ni o."

"Èmi náà rò pé àìsùn bá yín lára mu ni."

Títí ilẹ̀ fi ṣú ni wọ́n fi sọ̀rọ̀ nínú pálọ̀ wa. Lẹ́tà náà kò kúrò nílé.

Ọjọ́bọ̀ tó tẹ̀ lé e, lágogo méjìlá ọ̀sán, Màmá, Dókítà Aláwò àti dókítà mẹ́ta mìíràn láti àdúgbò pàdé nínú yàrá ẹ̀yìn ilé ìwòsàn Màmá, wọ́n mu tíì, wọ́n jẹ búrẹ́dì lórí ìjókòó. Bí ìpàdé tí ẹ gbọ́ òkìkí rẹ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, òun náà ló sì sọ Màmá di Màmá Ọjọ́bọ̀. Òfin rẹ̀ kò pọ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ sọ iye aláìsàn tó wò, kó má di ìdíje. Olúkúlùkù á sọ ohun kan tó ń dun òun, àwọn yòókù kò sì ní gbani nímọ̀ràn títí tíì á fi tán nínú ife. Wọ́n á máa bá ara wọn dúró sẹ́nu iṣẹ́, kí kálukú lè ní ọ̀sán kan lọ́sẹ̀ àti òpin ọ̀sẹ̀ kan lóṣù láti fi sinmi. Èyí tó le jù ni pé gbogbo dókítà gbọ́dọ̀ gba káàdì lọ́dọ̀ dókítà mìíràn, kó sì tò bí gbogbo èèyàn, kò sí "mo ti wo ara mi." Màmá ló kọ́kọ́ tò, lọ́dọ̀ Dókítà Aláwò. Ẹ̀jẹ̀ wọn ti ń ru fún ìgbà pípẹ́, wọn kò mọ̀, Màmá tó ń wọn ti gbogbo ayé.

Àwọn aláìsàn bínú. Màmá gba nọ́ọ̀sì kan kún iṣẹ́, aláìsàn kò ju márùndínlógójì lọ lójúmọ́ mọ́, àwọn míì sì ní dókítà ti ya ọ̀lẹ. Ní Ọjọ́bọ̀ kan, bàbá kan lu tábìlì Àǹtí Káàdì.

"Ṣé àìsàn náà máa ń sinmi lọ́jọ́bọ̀ ni?"

"Rárá, sà. Dókítà tó bá wọn dúró sẹ́nu iṣẹ́ lónìí wà ní òpópónà kejì. Ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tiwa lẹ fẹ́, abẹ́rẹ́ ni wọ́n máa gún yín o. Ẹni tó ti jẹun lẹ fẹ́ kó gún yín ni, àbí ẹni tébi ń pa?"

Bàbá náà jókòó, ó dúró. Láàárín ọdún kan, Màmá tún ti mọ orúkọ àwọn ọmọ àdúgbò. Màmá sì ń dé ilé kí ilẹ̀ tó ṣú.

Dókítà márùn-ún di mọ́kàndínlógún, àdúgbò mìíràn náà bẹ̀rẹ̀ tiwọn. Lọ́dọọdún, láti ọdún 1994 lọ, Màmá máa ń lọ bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ìṣègùn sọ̀rọ̀, ìbéèrè àkọ́kọ́ tí wọ́n sì máa ń bi wọ́n ni ìgbà tí wọ́n jẹun kẹ́yìn. A kò ní sọ pé gbogbo rẹ̀ ló yọrí sí rere. Ní ọdún 1996, ọ̀dọ́ dókítà kan wá lẹ́ẹ̀mejì, ó ń sọ pé kò sí nǹkan tó ń ṣe òun, kò sì padà wá mọ́. Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó fi ìlú sílẹ̀. Màmá wá a kiri fún ọ̀pọ̀ oṣù. Wọ́n sọ fún wa pé àwọn ì bá ti lọ bá a nílé lọ́sẹ̀ kejì yẹn, ọ̀rọ̀ náà sì dùn wọ́n títí lọ.

Ní ọdún 1998, àbíkẹ́yìn wọn ní òun fẹ́ kọ́ ìmọ̀ ìṣègùn.

"Ṣé o ò rí mi ni?" ni Màmá bi í.

"Mo rí yín, mà. Mo rí yín tẹ́lẹ̀, mo sì rí yín báyìí. Bí ẹ ṣe wà báyìí ni mo fẹ́ dà."

Ó di dókítà ní ọdún 2005. Nígbà tó wá bá wọn ṣiṣẹ́ ní ọdún 2008, májẹ̀mú kan ṣoṣo ni Màmá bá a dá: kò gbọdọ̀ pa Ọjọ́bọ̀ jẹ.

Ní ti ìgbàgbọ́, Màmá fẹ́ràn Ọlọ́run tọkàntọkàn, ṣùgbọ́n láyé ìgbà àìsùn wọn, orí ìwàásù ni oorun ti máa ń rí wọn mú. Àlùfáà kìlọ̀ fún àwọn tó ń bójú tó ìjókòó pé kí wọ́n má ṣe jí wọn, pé ilé Ọlọ́run náà ni wọ́n ti ń sùn. Nígbà tí ara wọn wá balẹ̀, tí wọ́n ń gbọ́ ìwàásù dé òpin, wọ́n sọ fún àlùfáà pé ìwàásù rẹ̀ ti gùn jù.

Wọ́n gbé ilé ìwòsàn lé ọmọ wọn lọ́wọ́ ní ọdún 2014. Ní ọdún tó kọjá ni àìsàn ọkàn bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe wọ́n. Nígbà tí wọn kò lè dìde mọ́, àwọn dókítà Ọjọ́bọ̀ pín ara wọn, wọ́n ń gba àga ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì wọn lọ́wọ́ ara wọn. Àbíkẹ́yìn wọn nìkan ni kò gbà kí ẹnikẹ́ni gba ipò òun. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ló fi jókòó tì wọ́n.

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta ọdún 2022, lẹ́yìn oúnjẹ ọ̀sán, Màmá wò ó.

"Dókítà, ìgbà wo lo sùn kẹ́yìn?"

"Ẹ fìyẹn sílẹ̀, mà."

"Mo ní ìgbà wo?"

Kò lè parọ́ fún wọn. Màmá ní kó máa lọ sílé, kó lọ sùn. Ó ní òun kò lọ. Màmá ní, "Gbogbo ọmọ ọlọ́mọ ni mo ń lé lọ sinmi, wọ́n sì ń lọ. Ṣé tèmi ló fẹ́ dójú tì mí?" Ó rẹ́rìn-ín, ó fẹnu kò wọ́n lórí, ó sì lọ. Dókítà Aláwò, tó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, ló fi ọ̀pá rìn wọlé, ó gba àga náà.

Nígbà tó kù díẹ̀ kí agogo mẹ́rin lù, èémí wọn yí padà. Dókítà Aláwò na ọwọ́ sí fóònù láti pe ọmọ náà. Màmá di ọwọ́ rẹ̀ mú.

"Ẹ má jí i," ni wọ́n wí. "Ṣebí ẹ̀yin wà níbí."

Ohun tí wọ́n sọ kẹ́yìn nìyẹn. Ọwọ́ wọn wà nínú ọwọ́ Dókítà Aláwò títí gbogbo rẹ̀ fi parí.

Láti ọjọ́ náà ni àbíkẹ́yìn wọn ti ń sọ pé òun ì bá má ti lọ, pé òun sùn nígbà tí ìyá òun ń kú lọ. A kò sọ ọ́ fún un dáadáa nílé, nítorí ẹkún kò jẹ́ ká lè sọ ọ́. A ń sọ ọ́ báyìí, níwájú gbogbo èèyàn: àbúrò wa, ibi tí ìyá wa fẹ́ kó o wà gan-an lo wà. Wọ́n lè pè ọ́, wọ́n sì yàn láti má pè ọ́. Ìtọ́jú tí wọ́n ṣe kẹ́yìn láyé nìyẹn, ìwọ ni wọ́n sì ṣe é fún.

Àwọn tó gbẹ̀yìn wọn ni: ọkọ wọn, olùkọ́ ìṣirò, tí wọ́n jọ gbé fún ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta; ọmọ wọn obìnrin àkọ́bí, tó ń kọ́ afárá; ọmọ wọn ọkùnrin, tó ń ṣe búrẹ́dì; àbíkẹ́yìn wọn, dókítà; ọmọ ọmọ méje; ẹ̀gbọ́n wọn kan àti àbúrò wọn kan; Àǹtí Káàdì, tó ní ká kọ ọ́ síbí pé òun ṣì ń bínú pé Màmá lọ láìgba nọ́ńbà; Dókítà Aláwò; àti dókítà méjìléláàádọ́ta tó ń jẹun lórí ìjókòó lónìí.

Màmá wa, ẹ bọ́ bàtà yín, kí ẹ na ẹsẹ̀. Kí Ọlọ́run tẹ́ yín síbi tó tutù, tó sì dákẹ́. Bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń kan ilẹ̀kùn, ẹ má dìde o. Dókítà wà lẹ́nu iṣẹ́, ó ti jẹun, ó sì ti sùn. Ẹ̀yin náà, ẹ sùn ire.